Resolve, Premiere, Avid àbí Final Cut: èwo ni kẹ́ ẹ mú fún kíláàsì fíìmù?

Ẹ̀yin tíṣà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ wá mú sọ́fúwíà tẹ́ ẹ máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní édítìǹgì, mo mọ̀ pé èwo ló dáa jù lẹ máa kọ́kọ́ bèèrè. Èmi ò ní bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ o. Èwo lọmọ náà máa rí gbé sórí láptọ́ọ̀pù tiẹ̀ nílé? Torí ìwọ̀nba wákàtí tó máa rí lò ní láàbù lọ́sẹ̀ ò lè sọ ọ́ di édítọ̀, àgàgà tí wọ́n bá tún mú iná lọ láàárín ẹ̀ tí kò sí dísù nínú jẹnẹrétọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi wà lẹ́yìn DaVinci Resolve. Blackmagic Design ti Australia ló ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni, gígé fọ́nrán, àwọ̀, ohùn, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó sì máa gbé e jáde dé 4K láì fi àmì kankan sójú ẹ̀, àfi tọ́mọ bá lọ fọwọ́ kan ẹ̀fẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ti Studio, ìyẹn ẹ̀dà olówó ẹ̀. Studio yẹn, dọ́là 295 ni, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ sì máa san án. Àmọ́ ó ń jẹ ẹ̀rọ gan-an ni o! Láptọ́ọ̀pù RAM 8GB á kàn máa mí hẹlẹhẹlẹ, 16GB ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kó sì ní GPU (káàdì tó ń bójú tó àwòrán) tó jọjú. Tẹ́ ò bá ní in, ẹ tètè kọ́ wọn ní proxy, ìyẹn ẹ̀dà fọ́nrán tó fúyẹ́ tí wọ́n á fi ṣe édítìǹgì dípò ojúlówó. Ẹ má sì gbé èyí ọ̀fẹ́ sórí Linux, kì í ka H.264, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fún fídíò pọ̀ kó má baà tóbi jù, bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ fóònù àti kámẹ́rà wa fi ń ká fọ́nrán.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Database ni Resolve ń kó iṣẹ́ sí, kì í ṣe fáìlì téèyàn lè rí nínú fódà. Ọmọ á ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kan lónìí, á lọ jókòó sídìí òmíì lọ́la, ló bá di “Sà, iṣẹ́ mi ti sọnù!” Kò sọnù rárá, ó wà lórí ti àná. Kí wọ́n tó dìde nídìí ẹ̀rọ, kí wọ́n export .drp, ìyẹn fáìlì iṣẹ́ wọn, sórí flash, kí wọ́n sì kó fọ́nrán wọn tẹ̀ lé e.

Premiere Pro ńkọ́? Òun nilé iṣẹ́ tó pọ̀ ń bèèrè, fídíò téèyàn lè fi kọ́ ọ kún YouTube bámú, òun àti After Effects tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀fẹ́ẹ̀tì sì mọwọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n owó oṣooṣù ni, dọ́là sì ni, bówó bá ti tán ó parí nìyẹn. Iṣẹ́ tí wọ́n bá sì fi version tuntun ṣe nílé kì í ṣí lórí èyí tó ti pẹ́ ní láàbù. Crack tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀, àti fáírọ́ọ̀sì àti ìtìjú ló wà níbẹ̀.

Avid Media Composer ti wà láti 1989, òun ni ọ̀pọ̀ fíìmù ńlá Hollywood fi ń ṣiṣẹ́. Bí ẹnì kan bá ń ṣiṣẹ́ nínú bin kan, ìyẹn bíi fódà tí wọ́n ń to fọ́nrán sí, àwọn tó kù á máa wò ó ni, wọn ò lè yí i padà. Ó dáa fún ẹ̀kọ́ gan-an, àmọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ yín ò bá ní shared storage, ìyẹn ibi ìkópamọ́ kan tí gbogbo ẹ̀rọ jọ ń lò, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Final Cut Pro, ẹ̀rọ Apple nìkan ni, ìyẹn Mac àti iPad. Ó yá, ó rọrùn, dọ́là 299.99 lẹ́ẹ̀kan lórí Mac, àmọ́ táìmúláìnì ẹ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń to fọ́nrán tẹ̀ léra, tí wọ́n yí padà ní 2011 ò jọ ti ẹnì kankan, ọmọ tó bá mọ òun nìkan á kọ́kọ́ ṣìnà tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì.

Tó bá jẹ́ owó mi, Resolve ọ̀fẹ́ ni màá gbé sórí gbogbo ẹ̀rọ, màá wá san Premiere sórí bíi mẹ́ta fáwọn tó wà ní ọdún àṣekágbá kójú wọn lè mọ̀ ọ́n. Owó tó bá kù, RAM àti SSD ni.