Ìkìlọ̀: Ẹ yẹ inú àpò gíríìtì wò kí ẹ tó sanwó àpótí sandblasting

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń múra láti ra àpótí sandblasting tí a fi ń fín ọnà sí ara dígí, nípa fífi afẹ́fẹ́ sọ ẹ̀rún líle tí a ń pè ní gíríìtì lù ú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí oníṣòwò kankan. Oríṣi ẹ̀tàn kan wà nínú ọjà yìí tí kì í ṣe owó nìkan ló ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó bá kó sí i ló ń bà jẹ́, ìbàjẹ́ náà kò sì ní àtúnṣe. Àwọn kan ń di iyanrìn lásán sínú àpò, wọ́n ń kọ "silicon carbide" tàbí "aluminium oxide", orúkọ ojúlówó gíríìtì, sí i lára, wọ́n sì ń tà á pọ̀ mọ́ àpótí tí kò ní ẹ̀rọ tí ń fa eruku, wọ́n á ní gbogbo ohun tí iṣẹ́ nílò ti pé síbẹ̀. Mo ra irú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi lò ó kí n tó mọ ohun tó wà nínú àpò náà.

Ẹni tó tà á fún mi, tí n kò ní dárúkọ níhìn-ín, fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi, ó bu gíríìtì náà díẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì fi ha dígí kan títí ojú dígí náà fi funfun. Ó ní ẹ̀rí nìyẹn pé ọjà òun kì í ṣe ayédèrú. Mo gbà á gbọ́, nítorí mo rò pé ohun tó bá ti lè ha dígí ti tó fún iṣẹ́ wa. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà. Lórí òṣùwọ̀n Mohs tí a fi ń mọ bí òkúta ṣe le tó, dígí wà ní nǹkan bí 5.5, quartz tí iyanrìn jẹ́ wà ní 7, aluminium oxide wà ní 9, silicon carbide sì kọjá 9 díẹ̀. Gbogbo wọn ló le ju dígí lọ, gbogbo wọn ni yóò sì ha á. Ẹni tó bá ń fi ohun kan ha dígí lójú yín kò tíì fi ohunkóhun hàn yín.

Ohun tó mú kí iyanrìn burú ni pé kì í dúró bí ó ṣe wà. Bí afẹ́fẹ́ bá ti sọ ọ́ lu dígí, ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, lára àwọn wẹ́wẹ́ yìí ni a sì ti ń rí èyí tí kò tó 10 micrometre (micrometre kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà), nígbà tí fọ́nrán irun orí kan tó nǹkan bí 70. Ojú kò lè rí i bó ti ń fò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lè wà nínú afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, bí a bá sì fà á símú, ó ń wọ ibi tó jìn jù lọ nínú ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí ikọ́ kò ti lè gbé e jáde mọ́. Ara á máa bá a jà, ojú ọgbẹ́ á máa le síbẹ̀, èémí á sì máa kúrú díẹ̀díẹ̀. Àrùn tí wọ́n ń pè ní silicosis nìyẹn. Kò ní ìwòsàn, ó sì lè máa le sí i lẹ́yìn tí ènìyàn ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ pátápátá.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Nígbà tí Benjamin Chew Tilghman gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1870, iyanrìn ni wọ́n ń lò lóòótọ́, láti ibẹ̀ ni orúkọ náà sì ti wá. Ṣùgbọ́n ìlànà tí ìjọba Bìrìtìkó ṣe ní 1949 ti fòfin de iyanrìn nínú iṣẹ́ yìí. Ní 1974, àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà, tó ń ṣèwádìí lórí ààbò àwọn òṣìṣẹ́, dá a lábàá pé kí wọ́n má ṣe lo ohunkóhun tí silica (ohun tí quartz inú iyanrìn jẹ́) inú rẹ̀ bá ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní 1997, àjọ IARC, tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé, fi eruku silica tó jẹ́ ti quartz sí ìpele kìíní lára àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí pé nígbà tí mo pe olùtà náà láti fi ẹ̀sùn kàn án, èsì rẹ̀ ni pé, "Ṣé ẹ̀yin náà kò mọ̀ pé iyanrìn ló wà nínú orúkọ iṣẹ́ náà ni?" Orúkọ àtijọ́ ni wọ́n fi ń bo ẹ̀tàn wọn mọ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ iṣẹ́ tan òun jẹ.

Ní báyìí, mo fẹ́ kọ́ yín ní ìdánwò tí mo ṣe ní ọjọ́ kẹsàn-án, nítorí kò gba ẹ̀rọ kankan ju òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó péye àti ife ìdiwọ̀n tó ní àmì mílílítà lára. Ẹ wọ ìbomú tó dára kí ẹ tó tú àpò náà. Ẹ bu omi tó jẹ́ 200 mílílítà sínú ife, kí ẹ kán ọṣẹ olómi ẹyọ kan sí i kí afẹ́fẹ́ má bàa há sáàárín ẹ̀rún. Ẹ wọn gíríìtì gírámù 200 gẹ́lẹ́, kí ẹ rọra dà á sínú omi náà, kí ẹ rò ó títí kò fi ní yọ ìfóòfó mọ́, kí ẹ sì ka ibi tí omi gùn dé. Bí ó bá jẹ́ aluminium oxide, omi yóò dé nǹkan bí 250. Bí ó bá jẹ́ silicon carbide, yóò dé nǹkan bí 262. Bí ó bá jẹ́ iyanrìn, yóò lọ dé nǹkan bí 275, nítorí iyanrìn fúyẹ́ ju àwọn méjèèjì lọ, gírámù kan náà nínú rẹ̀ sì ń gba àyè tó pọ̀ jù. Dígí tí a lọ̀ kúnná máa ń gùn ju iyanrìn lọ pàápàá, yóò dé 280. Tèmi dúró sí 274, bẹ́ẹ̀ "silicon carbide" ni wọ́n kọ sára àpò náà gàgàrà. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún fi èyí tí mo rà níbòmíràn wé e, kò yí padà. Bí nọ́ńbà tiyín bá bọ́ sáàárín méjì, ó lè jẹ́ pé wọ́n lú u pọ̀ ni, ẹ má sì lò ó.

Àwọ̀ nìkan kò tó láti fi mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni pé silicon carbide máa ń dúdú tó ń dán tàbí kí ó jẹ́ aláwọ̀ ewé, tí aluminium oxide sì máa ń jẹ́ funfun tàbí rẹ́súrẹ́sú, ṣùgbọ́n pàǹtírí tó ń ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń sun èédú pẹ̀lú máa ń dúdú, a sì ti rí i tí wọ́n ń tà á ní orúkọ silicon carbide. Bákan náà ni ti àwọn ìlẹ̀kẹ̀ dígí róbótó wínníwínní: àwọn olùtà mìíràn ń pè é ní gíríìtì fún dígí, bẹ́ẹ̀ kò ní etí mímú tó lè fín dígí dáadáa.

Kí ẹ tó sanwó rárá, ẹ béèrè ìwé àlàyé ààbò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe gíríìtì náà tẹ̀ jáde. Gbogbo ẹni tó ń ta ojúlówó ló ní i lọ́wọ́. Ẹ wá nọ́ńbà CAS, èyí tí a fi ń dá kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan mọ̀, nínú rẹ̀: 409-21-2 ni ti silicon carbide, 1344-28-1 ni ti aluminium oxide. Bí ẹ bá rí 14808-60-7 tí ìwọ̀n tó wà níwájú rẹ̀ sì pọ̀, quartz nìyẹn, ẹ kúrò níbẹ̀. Olùtà tèmi ní òun yóò fi ìwé náà ránṣẹ́ "bí ọjà bá ti dé ọ̀dọ̀ yín." Ó yẹ kí gbólóhùn yẹn nìkan ti dá mi dúró.

Àpótí náà fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Tèmi ní ihò kan lẹ́yìn tí wọ́n fi aṣọ bò, wọ́n sì pe aṣọ náà ní asẹ́. Ní ọjọ́ kejì, mo fi ìka nu orí tábìlì tó wà ní òdìkejì yàrá, mo sì rí eruku funfun lórí ìka mi. Mo tan ara mi jẹ pé ara dígí ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Àpótí tó yẹ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kọjá asẹ́ HEPA, èyí tí ń mú 99.97 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀rún tó jẹ́ 0.3 micrometre, kí àyè inú rẹ̀ lè máa fa afẹ́fẹ́ wọlé láti ìta dípò kí ó máa tú eruku síta. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ olùtà: kí ó tan ẹ̀rọ náà, kí ẹ na fọ́nrán bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bébà náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ sí inú, àwọn ìbọ̀wọ́ rọ́bà náà sì gbọ́dọ̀ wú sínú àpótí. Lẹ́yìn náà, kí ó tan iná inú àpótí, kí ó sì pa ti yàrá. Ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ jáde ní eteetí ilẹ̀kùn, eruku yóò gba ibẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ tí a fi ń fa eruku lórí kápẹ́ẹ̀tì ilé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, bí wọn kò bá fi asẹ́ HEPA sí i, nítorí ohun tó wúwo ló ń mú, ó sì ń tú èyí tó kéré jù lọ padà sínú yàrá.

Ní ti kọ̀m̀pírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tí ń fún afẹ́fẹ́ sínú rọ́bà, ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀ wà nínú nọ́ńbà. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí písítìn ń gbá sí ara ẹ̀rọ dípò ìwọ̀n tó ń jáde ní ẹnu rọ́bà, èyí tó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ẹ béèrè fún èyí tó ń jáde, ní PSI (òṣùwọ̀n agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì) tí ẹ ó fi ṣiṣẹ́. Agbada ńlá tí ń tọ́jú afẹ́fẹ́ kò wo àìtó yìí sàn. Ó kàn ń sún àkókò tí afẹ́fẹ́ yóò tán síwájú ni. Ẹ tún béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe ẹnu ìbọn tí ń tu gíríìtì jáde, nítorí ẹnu alámọ̀ tètè ń jẹ, bí ihò mílímítà 3 bá sì ti jẹ dé 4.5, afẹ́fẹ́ tó ń gbà yóò ti ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ti tungsten carbide tàbí boron carbide ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí gíríìtì wà nínú ìkòkò tí afẹ́fẹ́ ń tì láti inú, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Ẹ má ra ìkòkò tí wọ́n jó pọ̀ láti ara sílíńdà gáàsì àtijọ́, bó ti wù kí ọ̀dà ara rẹ̀ dára tó. Àwo irin gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ tó sọ PSI tó ga jù tí ó lè gbà, kí fáàfù tí ń tú afẹ́fẹ́ dànù fúnra rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù. Olùtà tó bá ń fi PSI 125 yangàn fún iṣẹ́ dígí kò mọ iṣẹ́ náà: pẹ̀lú ìkòkò bẹ́ẹ̀, 30 sí 40 ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń fín dígí, ohun tó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ń ṣí bébà tí a fi bo ara dígí, ó sì lè fọ́ dígí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ni lọ́wọ́. Bí ó bá sì fi páìpù PVC kún ẹrù yín fún afẹ́fẹ́, ẹ dá a padà. Bí páìpù yẹn bá bẹ́, àfọ́kù rẹ̀ ń fò bí ọ̀bẹ.

Bí ẹ bá ti rí ojúlówó rà, ẹ fi asẹ́ omi sí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ kí gíríìtì má bàa dì, kí ẹ sì fi wáyà so àpótí àti ìkòkò mọ́ ilẹ̀, nítorí gíríìtì tó ń sáré nínú rọ́bà máa ń kó iná jọ, ó sì máa ń ta ọwọ́. Gíríìtì 120 dé 220 ló dára fún dígí. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni ó ṣe kúnná tó. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tí ń fa eruku máa ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà tí ń ṣí afẹ́fẹ́, títí inú àpótí yóò fi mọ́, kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn. Ní pàtàkì, ẹ wọ ìbomú P100 tàbí P3, tí ń sẹ́ eruku tó kúnná jù, nígbà tí ẹ bá ń da gíríìtì tàbí tí ẹ bá ń pààrọ̀ asẹ́. Ìbomú bébà kò tó. Àwọn ife kírísítálì tó wúwo tún ní òjé nínú, ojúlówó wọn sì ń ní ìdá mẹ́rìnlélógún nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má ṣe fín wọn níbi tí eruku lè ti tú síta, ẹ má sì fi aṣọ iṣẹ́ náà wọ ibi tí àwọn ọmọdé wà.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ti rà á, tí omi yín sì dé 275: ẹ dáwọ́ dúró lónìí. Ẹ má gbálẹ̀ yàrá náà ní gbígbẹ, ẹ má sì fi afẹ́fẹ́ kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ fẹ́ eruku dànù. Ẹ wọ ìbomú, ẹ wọ́n omi, kí ẹ sì fi aṣọ tútù nù ún. Ẹ sọ fún dókítà yín pé ẹ ti mí eruku silica, ẹ sọ iye ọjọ́ tó jẹ́, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé yín, kí ó sì pinnu bóyá ó yẹ láti ya fọ́tò àyà yín, nítorí àrùn yìí lè farapamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fara hàn. Ẹ ya fọ́tò àpò náà àti ohun tí wọ́n kọ sí i, ẹ tọ́jú rìsíìtì àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá olùtà sọ, ẹ sì ṣe ìdánwò omi náà níwájú ẹlẹ́rìí kan tí yóò fọwọ́ sí ìwé. Olùtà tèmi ti ní òun kì í gba ohun tí a bá ti lò padà, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀. Mo di gíríìtì inú àpò náà sínú ìgò kan, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo sì kọ ọjọ́ sí i lára. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ tó sì fẹ́ fi tirẹ̀ wé e lè kọ̀wé sí mi.