Obscene Majesty, àwo Devourment: ìwúwo tí sípíkà fóònù ò lè gbé

Ẹ tẹ́tí sí ibi tí eré ìlù ti máa ń já lójijì nínú Obscene Majesty. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Devourment, ẹgbẹ́ Dallas ní Texas tó ń ṣe slam, ẹ̀ka kan nínú death metal (orin gìtá àti ìlù tó le gan-an), gbé àwo tó ní orin mẹ́wàá yìí jáde lábẹ́ Relapse Records ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn àwo wọn Conceived in Sewage. Ruben Rosas, tó kọrin nínú àwo wọn Molesting the Decapitated ní 1999 kó tó wá gba gìtá mú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti padà sídìí ohùn. Brad Fincher náà padà sídìí ìlù. Chris Andrews ló ń ta gìtá, Dave Spencer wà nídìí báàsì.

Bí slam ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: onílù á kọ́kọ́ sáré blast beat, ìyẹn ìlù àsáré tí ìlù ẹsẹ̀, snare (ìlù kékeré tó ń dún gbangba) àti síńbálì á máa já lura wọn débi pé etí ò ní lè kà wọ́n mọ́. Lójijì, á dín eré náà kù sí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Onígìtá á wá fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ tẹ okùn tó nípọn jù, kí ìró rẹ̀ má baà gùn, á máa jù ú sílẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, àlàfo á sì wà láàárín. Àlàfo yẹn gan-an ló ń wúwo. Ẹgbẹ́ tó bá fi gbogbo orin rìn jẹ́jẹ́ kò ní rí i, torí etí ò ní ní eré tó máa fi wọ̀n ọ́n. Fincher mọ èyí dunjú, kì í kìlọ̀ kó tó já.

Ohùn Rosas rẹlẹ̀ kọjá ibi téèyàn ti lè mú ọ̀rọ̀. Ó ń kù bí òkúta ńlá tí wọ́n ń wọ́ lórí kọnkéré. Ẹni tí kò bá fẹ́ orin ẹ̀jẹ̀ àti ìpànìyàn, kó má wulẹ̀ sún mọ́ ọn, àkọlé àwọn orin náà ti sọ ọ́ tán.

Àléébù rẹ̀ wá láti ibi kan náà tí agbára rẹ̀ ti wá. Ohùn, gìtá, báàsì àti ìlù ẹsẹ̀ jọ ń dù ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n sì ń bo ara wọn mọ́lẹ̀. Okùn tó rẹlẹ̀ jù lára gìtá lásán wà ní nǹkan bíi 82 Hz, ìyẹn iye ìgbà tó ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí wọ́n bá tú u wálẹ̀ dé nótì A, ó di 55 Hz. Sípíkà fóònù kò lè gbé ìyẹn jáde rárá, snare àti ariwo nìkan lẹ ó gbọ́. Ẹ lo headphone tó bo etí pátápátá. Ẹ má tan bass boost, ìyẹn àfikún ìró ìsàlẹ̀, ẹrẹ̀ ló máa dà. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ dín àyíká 250 Hz kù pẹ̀lú 2 tàbí 3 dB (òṣùwọ̀n bí ìró ṣe ròkè tó) nínú equaliser, ibi tí wọ́n ti ń gbé ìró sókè tàbí wálẹ̀. Riff, ìlà gìtá tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, á yọ jáde.

Ìdajì kejì ń jọra jù. Ẹ gbọ́ orin márùn-ún, ẹ sinmi, kẹ́ ẹ tó padà. Ẹni tí slam ṣì ṣàjèjì sí, Effigy of the Forgotten, àwo ẹgbẹ́ Suffocation ní 1991, ni kó kọ́kọ́ gbọ́, torí níbẹ̀ ni irú riff yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí hù. Conceived in Sewage mọ́ létí ju èyí lọ lóòótọ́, àmọ́ Obscene Majesty ni mo máa mú nínú méjèèjì láìronú lẹ́ẹ̀mejì.