Kámẹ́rà ọrùn tí mo fi ń ya bí mo ṣe ń múra dróònù: òòfà ẹ̀ fojú mi rí nǹkan

Àwọn tó ń wo fídíò tí dróònù mi ń yà n'Ìbàdàn kì í béèrè nǹkan míì ju pé báwo ni mo ṣe ń ṣe é kó tó gbéra, ìdí tí mo fi ra kámẹ́rà kékeré yìí nìyẹn, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́rùn, tójú ẹ̀ máa ń wo ibi tọ́wọ́ èèyàn bá wà. 85,000 náírà ni mo rà á, ó ti lé lóṣù mẹ́ta. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é o, torí mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ó ya nǹkan dáadáa, kò sírọ́ ńbẹ̀. DJI Mini 2 ni dróònù mi, 249 gíráàmù péré, àmọ́ wàhálà ìdí ẹ̀ kó tó fò pọ̀ ju fífò gan-an lọ (ti ìwé àṣẹ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfúrufú, àti ti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ètò ààbò, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ ná). Màá tẹ́ ẹní kékeré kí eruku má bàa wọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀, màá fìka tọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, màá wá dúró títí tó fi máa rí sátẹ́láìtì tó tó, kó lè mọ ibi tó máa padà sí. Ọjọ́ kan tí mo délé tí mo ń wo fídíò yẹn ni mo rí i pé abẹ̀bẹ̀ kan ti họ létí bíi ká ní eku ló jẹ ẹ́, mo sì ti fi fò lẹ́ẹ̀mejì!

Àmọ́ òòfà yẹn ṣá. Nǹkan tí wọ́n fi ń gbé e dúró láyà, apá kan abẹ́ aṣọ, apá kan ìta, òòfà ló so wọ́n pọ̀, ó le débi pé kọ́kọ́rọ́ ilé mi máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Sátidé kan, èmi àti àbúrò mi wà ní pápá kan lọ́nà Ìdó, dróònù ní kí n tún kọ́ńpáàsì òun, ìyẹn nǹkan tó fi ń mọ ibi tó dojú kọ, ṣe. Ẹ mọ̀ bó ṣe rí, ẹ máa gbé e dání ẹ máa fi yí po, ẹ tún gbé e dúró ẹ tún fi yí po. Mo yí, ó kọ̀. Mo tún yí, ó kọ̀. Àwọn ọmọ tó ń da ewúrẹ́ ti ń fi mí rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ní, "Ọ́ńkù, ṣé ijó lẹ̀ ń jó ni?" Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún àbúrò mi ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, nǹkan àyà yín yẹn ńkọ́?" Háà! Mo bọ́ ọ jù sínú ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbà. Wọn ò kọ ọ́ sára páálí pé òòfà ẹ̀ lè da kọ́ńpáàsì dróònù rú o, bẹ́ẹ̀ dróònù wà nínú àwòrán tí wọ́n fi polówó ẹ̀. Ní báyìí etí fìlà ni mo ń há a mọ́, kílíìpù lásán, kò sí òòfà.

Tẹ́ ẹ bá fi sí 4K, ìyẹn èyí táwòrán ẹ̀ mọ́ jù, nínú oòrùn, kò ní pé ogún ìṣẹ́jú tó fi máa gbóná pa, 1080 ni kẹ́ ẹ lò. Káàdì tí wọ́n kọ V30 sí, tó ń yára gba fídíò sílẹ̀, ni kẹ́ ẹ rà, mo ti fi káàdì pọ́ọ́kú gbìyànjú, fídíò ẹ̀ kàn ń já ni. Atẹ́gùn náà ń pariwo nínú ẹ̀, fóòmù etí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni mo fi bo máìkì ẹ̀.

Máàkì mẹ́ta nínú márùn-ún. Ìkẹta yẹn, torí àwòdì ni: ó já wá bá dróònù lọ́jọ́ kan, mo sáré gbé e lọ sókè gan-an torí àwòdì kì í tètè gòkè, gbogbo ohun tí kámẹ́rà yìí sì rí yà ò ju àtàǹpàkò mi tó ń gbọ̀n lórí rìmóòtù àti ohùn mi tó ń ké "yéè, owó mi o!"