Ìdérí Oníke Tí Ń Pa Ọ̀rinrin Mọ́ fún Irúgbìn Inú Ilé

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò ni ìdérí oníke tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, èyí tí a máa ń dé lórí àwo pẹrẹsẹ tí a gbin irúgbìn sí nínú ilé kí iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ má baà gbẹ. Àwo tèmi gùn ní íǹṣì 20, ó fẹ̀ ní íǹṣì 10, ìwọ̀n tó sì wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Ìdérí rẹ̀ ga ní íǹṣì 7, ó ní ihò atẹ́gùn méjì lókè tí a lè ṣí tí a sì lè pa. Ìgbà kẹrin rèé tí mo ń fi í gbin nǹkan, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kì í pẹ́ tán, ẹni tí kò bá sì mọ ọjọ́ tó parí lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tí ó gbìn.

Irúgbìn gbígbẹ gbọ́dọ̀ mu omi yó kí ó tó jí, bí ó bá sì ti jí, kò tún lè padà sí oorun tó ń sùn tẹ́lẹ̀. Bí ojú iyẹ̀pẹ̀ bá gbẹ nígbà tí gbòǹgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí, irúgbìn náà kú nìyẹn. Àwọn tí ó kéré bí eruku, irú bíi òdòdó petunia, ni èyí máa ń ṣe jù, nítorí pé wọ́n ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀, a kì í sì í bo iyẹ̀pẹ̀ mọ́ wọn lórí. Kí n tó ní ìdérí, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni mo máa ń fọ́n omi sí wọn, omi náà a sì gbá wọn jọ sí igun kan. Nísinsìnyí, bí mo bá tan iná láàárọ̀, ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́ ni mo máa ń bá nínú ike náà, tí wọ́n so mọ́ ọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí mo bá fi ìka ta á, wọn a já bọ́ padà sórí iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti gbéra. Nígbà tí mo gbin ata kẹ́yìn, omi ọjọ́ tí mo gbìn ín náà ló lò títí ó fi hù ní ọjọ́ kẹsàn-án.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1829, dókítà kan ní London, Nathaniel Bagshaw Ward, fi ọmọ kòkòrò sínú ìgò tó ní iyẹ̀pẹ̀ tútù, ó dé e pa, ó sì rí i tí koríko ń hù níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bu omi sí i. Àpótí onígíláàsì tí wọ́n fi ń kó ohun ọ̀gbìn ránṣẹ́ lórí òkun láyé ọjọ́un ti ibẹ̀ wá.

Ìdérí tí mo kọ́kọ́ rà kò ga ju íǹṣì 2 lọ, kò sì ní ihò kankan. Tòmátì 36 ni mo gbìn sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì hù dáadáa. Ìwé pélébé inú páálí rẹ̀ sọ pé kí n dé e lẹ́yìn tí mo bá gbìn tán, kò sọ ìgbà tí n ó ṣí i, èmi náà sì rò pé ọ̀rinrin tó mú wọn hù ni yóò tọ́ wọn dàgbà. Ní ọjọ́ kẹrin, nǹkan funfun bí òwú ti tàn sójú iyẹ̀pẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà, ìdí àwọn èéhù náà ti tín-ín-rín bí fọ́nrán òwú níbi tí wọ́n ti kan iyẹ̀pẹ̀, wọ́n sì dùbúlẹ̀ lọ bẹẹrẹ pẹ̀lú ewé tútù lórí wọn. Mọ́kànlá péré ló kù. Àwọn kòkòrò àrùn bíi Pythium àti Rhizoctonia ló máa ń fa irú èyí, ibi tó tutù tí atẹ́gùn kò sì fẹ́ sí ni wọ́n fẹ́ràn. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé ọ̀rọ̀ gbólóhùn kan péré nínú ìwé náà ì bá gbà wọ́n là.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ìdérí gíga tó ní ihò. Bí nǹkan bí ìdajì irúgbìn bá ti yọjú, mo máa ń ṣí ihò méjèèjì. Lọ́jọ́ kejì, mo máa ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé etí ìdérí náà sókè. Lọ́jọ́ kẹta, mo ti gbé e kúrò pátápátá. N kì í sì í gbin ata pẹ̀lú lẹ́tíùsì sábẹ́ ìdérí kan náà mọ́: ata ń fẹ́ ooru tó 25°C sí 30°C, lẹ́tíùsì kì í sì í fẹ́ hù bí ooru bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Oòrùn ojú fèrèsé tún léwu, torí pé ike náà máa ń mú ooru mọ́lẹ̀, ó sì lè se irúgbìn jinná kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ̀wà àti elégédé kò nílò rẹ̀ rárá. Abẹ́ iyẹ̀pẹ̀ ni à ń rì wọ́n sí, wọ́n sì tètè ń hù.

Àléébù tí mo rí lára rẹ̀ ni pé ike náà fẹ́lẹ́. Igun kan lára tèmi ti sán nígbà tí mò ń fi omi àti bílíìṣì fọ̀ ọ́, ìwọ̀n bílíìṣì kan sí omi mẹ́sàn-án. Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, ó sì ṣì ń mú omi mọ́ra. Òun ni mo dé lórí tòmátì tí mo gbìn lánàá, mo sì ti kọ ọjọ́ tí n ó máa retí èéhù rẹ̀ sára àwo náà.