Ẹ má sanwó títò tábìlì púùlù tán kí ẹ tó rí abẹ́ aṣọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tábìlì púùlù sílé, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní sínúkà, ẹ dákun, ẹ gbọ́ tèmi ná. Wọ́n lù mí ní jìbìtì lójú mi kòrókòró, èmi náà ni mo tún ń gbé omi tútù fún wọn mu.

Ẹni tó tà á fún mi sọ pé òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní síléètì ló wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀, ojúlówó ni, alápá mẹ́ta, pé owó títò ti wà nínú iye tí mo san. Ọmọkùnrin méjì ló wá tò ó. Wákàtí kan kò tíì pé tí wọ́n fi parí. Mo ní àwọn wọ̀nyí mọṣẹ́!

Wọ́n lọ tán, mo rọra ti bọ́ọ̀lù kan. Ó kọ́kọ́ lọ tààrà. Bó ṣe kù díẹ̀ kó dúró, ó yà sósì, ó sì wọ ihò igun bí ẹni tí wọ́n pè. Mo tún un tì lẹ́ẹ̀mẹta, ihò kan náà ni. Oníṣẹ́ mìíràn ló bá mi ṣí aṣọ: páálí kíká ni wọ́n fi ki abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, wọn ò dí ojú ibi tí òkúta ti pàdé, ọ̀kan sì ga ju èkejì lọ débi pé èékánná mi ń há síbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n na aṣọ lé e títí ẹ ó fi fọwọ́ kan òkúta náà. Ìda oyin yíyọ́ tàbí pọtí ni wọ́n fi ń dí ojú ìpàdé yẹn, wọn á wá fá a kó tẹ́jú. Lẹ́fẹ̀ẹ̀lì bíríkìlà, tí wọ́n fi ń wò bóyá nǹkan tẹ́jú, kò tó fún iṣẹ́ yìí. Irú èyí tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé irin ń lò ni kí wọ́n mú wá. Tábìlì síléètì tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8 sábà máa ń ju 300 kílò lọ. Bí ẹni méjì bá gbé odidi rẹ̀ wọlé láì tú u, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó lè jẹ́ pákó. Ẹni tí kò sì béèrè bí yàrá ṣe fẹ̀ tó, ẹ sá fún un: ọ̀pá tí a fi ń gbá a gùn tó íǹṣì 58, àyè rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ mú lára owó náà dání títí bọ́ọ̀lù á fi yí tààrà lójú yín. Èmi ti san tèmi tán. Nígbà tí mo pe olùtajà náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ yín ni kò tẹ́jú." Kí wá ni wọ́n gba owó títò fún? Látìgbà náà, kò gbé fóònù mi mọ́.