Amálà, ẹ̀fọ́ rírò àti beske: bùkà tí wọn kì í ta ẹran

Ẹ jẹ́ n sọ ti bùkà kan fún yín ní àdúgbò wa níbí n'Íbàdàn, ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń jẹun ńbẹ̀, gbogbo ẹni tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ni mo ti sọ ọ́ fún. Wọn kì í ta ẹran ńbẹ̀ rárá. Ò sí ẹja, ò sí pọ̀nmọ́, ò sí ẹyin nínú mọ́ínmọ́ín, edé gan-an tá a máa ń dà sí gbogbo nǹkan láìronú, ò sí ńbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní vegan nìyẹn, èmi tẹ́lẹ̀ mo rò pé oúnjẹ òyìnbó ni, àwọn ewé tútù tí wọ́n á tò sínú abọ́ funfun tí wọ́n á wá gba owó gọbọi lọ́wọ́ èèyàn.

Ọ̀rọ̀ bàbá mi ló gbé mi débẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, dókítà ní kí wọ́n dín ẹran pupa àti iyọ̀ kù, kí wọ́n máa jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ dáadáa, bá a ṣe jáde báyìí ni wọ́n yíjú sí mi pé, "Ṣé ewé ni n ó wá máa jẹ bí ewúrẹ́ báyìí?" Ó dùn mí, torí mo mọ bí ọ̀rọ̀ ẹran ṣe rí nílé wa, ẹran tó wà nínú abọ́ lèèyàn fi ń mọ ibi tí olórí ilé jókòó sí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sè tí bàbá ò fi ní rò pé ìyà ni.

Ẹ ò bá rí beske, ìyẹn wàrà sóyà, tí màmá tó ni bùkà yìí ń ṣe. Mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá wọn lẹ́nu ẹ̀. Sóyà tí wọ́n ti rẹ mọ́jú ni wọ́n lọ̀, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n gbé omi ẹ̀ kaná, nígbà tó hó tán wọ́n bu omi orí ògì tó ti kan sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ ó kàn rí i tó ń dì, tó ń ya kúrò lára omi bí òwú. Wọ́n dà á sínú aṣọ funfun, wọ́n fún un, wọ́n gbé òkúta lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé e, wọ́n dín in títí ẹ̀yìn ẹ̀ fi pọ́n, wọ́n wá sọ ọ́ sínú ọbẹ̀ ata. Tẹ́ ẹ bá gé e jẹ, inú ẹ̀ ṣì rọ̀, ata ti wọ inú ẹ̀ lọ. Ọgọ́rùn-ún méjì náírà ni ẹyọ kan. Sóyà yìí náà kì í ṣe àlejò n'Íbàdàn o, àwọn IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbí, ti ń kọ́ àwọn ìyá wa bí wọ́n ṣe lè fi ṣe ògì, mọ́ínmọ́ín àti irú láti àwọn ọdún 1980.

Irú lẹ́yìn náà! Irú wooro ni wọ́n ń lò, wọ́n á jẹ́ kó dín díẹ̀ nínú epo kí wọ́n tó da ata sí i, òórùn ẹ̀ á ti pàdé yín lójú ọ̀nà. Mo jẹ ẹ̀fọ́ rírò wọn, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ pẹ̀lú olú tí wọ́n fọwọ́ ya wẹ́wẹ́, mo ti jẹ amálà dé ìdajì kí n tó rántí pé ò sí ẹran ńbẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán màmá yìí ni pé wọn ò kàn yọ ẹran kúrò kí wọ́n wá fi ìrẹsì kún àyè ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ra amálà àti ẹ̀fọ́ nìkan, wọ́n á bi yín pé, "Ẹ̀wà ńkọ́, abi beske, abi ẹ̀gúsí?" torí ara ṣì ń fẹ́ purotéènì. Wọ́n tún máa ń fi ọsàn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, mo rò pé ẹ̀bùn lásán ni, àfi ìgbà tí wọ́n ṣàlàyé pé iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tó wà nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kì í tètè wọ ara bíi tẹran, fítámì C inú ọsàn ló máa ń bá a wọlé, tíì tá à ń mu lé oúnjẹ sì máa ń dí i lọ́wọ́. Òótọ́ ni, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Fítámì B12 ni ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ò lè fún yín, ẹni tó bá fi ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà sílẹ̀ pátápátá gbọ́dọ̀ máa lo oògùn ẹ̀, ẹ má ṣeré sí i rárá torí ó lè ba iṣan ìmọ̀lára èèyàn jẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ lọ́dún 2016 pé oúnjẹ vegan tí wọ́n bá ṣètò ẹ̀ dáadáa pé fún ara, pé ó ń dín ewu àìsàn ọkàn, ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru kù. Ṣùgbọ́n ó dìgbà tí wọ́n bá ṣètò ẹ̀ o, búrẹ́dì àti kóòkì náà ò lẹ́ran nínú.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa sọ èyí tí ò tẹ́ mi lọ́rùn. Epo inú ẹ̀fọ́ yẹn pọ̀ jù, ó máa ń léfòó ni, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú epo pupa jẹ́ irú èyí tí àwọn dókítà ní ká dín kù. Mọ́ínmọ́ín eléwé wọn náà kì í kọjá aago kan ọ̀sán. Lọ́jọ́ kan ọmọge tuntun tó ń bá wọn ta ọjà lọ fi kúùbù aládìẹ se ọbẹ̀, èmi ni mo rí páálí ẹ̀ nílẹ̀. Mo pe màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, àǹtí mi," wọ́n ní kí wọ́n gbé gbogbo ìkòkò yẹn kúrò nílẹ̀, wọ́n dá owó padà fún gbogbo ẹni tó ti jẹ níbẹ̀. Àtìgbà yẹn ni mo ti gbà pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Èmi fúnra mi, torí ara nìkan kọ́ ni mo ṣe ń lọ mọ́. Lọ́nà ibi iṣẹ́ mi, ọ̀kadà kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó so adìẹ bí ogún lẹ́sẹ̀ pọ̀ mọ́ hándù, gbogbo wọn dorí kodò, oòrùn ń pa wọ́n, wọ́n lanu sílẹ̀, ojú wọn sì là. Góòsiló mú wa dúró, ọ̀kan nínú wọn ń wo ojú mi. Ẹ̀mí ló wà nínú ẹ̀, ẹ̀rù ń bà á, mo sì rí i. Mi ò lè fi ìyẹn sẹ́nu mọ́ kí n máa jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, nígbà tí beske wà tí ikùn mi sì yó.

Bàbá mi ṣì ń lo oògùn wọn o, wọ́n sì ṣì ń jẹ ẹja lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò bá wọn jà sí i. Ṣùgbọ́n Sátidé tó kọjá aago méje àárọ̀ ni wọ́n pè mí, wọ́n ní ṣé màmá yẹn ti ṣí, kí n ra beske mẹ́fà bọ̀, kí n sì sọ fún wọn kí wọ́n rọra da epo.