Ìwé Anna Hinderer tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ kà á o, àmọ́ ẹ má ra irú tèmi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí nípa ìwé Anna Hinderer yẹn, ìyàwó míṣọ́nnárì tó gbé Ìbàdàn láyé ọjọ́un, Seventeen Years in the Yoruba Country, mo ti kà á tán. Ìwé yẹn dáa gan, èyí tí wọ́n tà fún mi ni ò dáa. Ẹni tó tà á (mi ò ní dárúkọ) kàn wá ìwé tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1872, ó ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní fótò, ó tẹ̀ ẹ́, ó wá lẹ àwòrán aṣálẹ̀ àti ràkúnmí mọ́ ọn níwájú, ràkúnmí wo ló wà ní Kúdẹtì n'Ìbàdàn tí wọ́n gbé ẹ jọ̀ọ́? Lẹ́tà ẹ̀ tín-ín-rín, ojú ìwé míì wọ́, ọ̀rọ̀ tó wà létí ti wọnú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, mi ò tíì kà á dé ìdajì tí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ti ń tú. Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà o! Bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ló wà lórí archive.org.

Inú ẹ̀ wá ńkọ́? Lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ obìnrin náà fúnra ẹ̀ ni wọ́n kó jọ lẹ́yìn tó kú ní 1870. Òun àti David ọkọ ẹ̀, ará Jámánì, dé Ìbàdàn ní 1853, ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ọ́ fún wọn ní ọmọ méjì pé kí wọ́n kọ́ wọn níwèé, Yéjídé àti Akínyẹlé, ibẹ̀ ni sùkúùlù ti bẹ̀rẹ̀. Ibà ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn, òun àti ọkọ ẹ̀ máa ń dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tó mú mi jù ni ìgbà ogun Ìjàyè, tí Ìbàdàn bá Ìjàyè jà, láti 1860. Ọ̀nà Èkó dí pa, owó wọn wà l'Ékòó kò lè wọlé, ọmọ kún ilé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹun. Wọ́n ń ta ẹrù ilé wọn díẹ̀díẹ̀ gba owó ẹyọ kí wọ́n lè rí oúnjẹ òòjọ́ rà, àní Ìjàyè tú ní 1862 ọ̀nà ò ṣí. Kò pariwo ebi yẹn rárá, bí ẹni ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ ló ṣe kọ ọ́. Mo wá rántí àwọn pásítọ̀ wa tó jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gba ọrẹ ni wọ́n ń rántí míṣọ́nnárì. Ní 1865 Glover tó ń ṣe gómìnà Èkó rán Captain Maxwell kó gba inú igbó wá gbé Anna, ara ẹ̀ ti bàjẹ́ nígbà yẹn, ó lọ, ọkọ ẹ̀ dúró ti iṣẹ́, àmọ́ ó tún padà wá nígbà tó yá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka St Anne's, Mọ́lété, òun ni wọ́n fi sọ sùkúùlù yín o.

Ohun tó bí mi nínú ni bó ṣe ń pe àwọn èèyàn wa ní kèfèrí ṣáá, ó máa ń sú èèyàn. Àti Daniel Olúbí! Ọmọ Abẹ́òkúta, ìyá ẹ̀ ń bọ òrìṣà, ó bá wọn wá sí Ìbàdàn, ó bá wọn jìyà ogun yẹn, nígbà tí Anna àti ọkọ ẹ̀ sì padà sí ìlú Òyìnbó pátápátá ní 1869 òun ló jókòó ti ṣọ́ọ̀ṣì títí ó fi darúgbó síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó gbọ́ràn sí Ọlọ́run lẹ́nu tó sì ná an ní gbogbo ayé ẹ̀, ṣebí Olúbí náà nìyẹn, àmọ́ ìwé yìí kàn ń dárúkọ ẹ̀ kọjá ni. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn tí ẹbí wọn ń lù torí pé wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn yẹn ò ní Lọ́ńdọ̀nù kankan tí wọ́n lè sá padà sí.

Ìràwọ̀ márùn-ún fún Anna, ẹyọ kan fún òǹtajà, torí díspáṣì tètè dé ni mo ṣe fún un ní ẹyọ kan yẹn. Tó bá jẹ́ ìwé ọwọ́ lẹ fẹ́ dandan, ẹ ní kó ya fótò ojú ìwé àárín ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó.